Ìsinmi ẹbí ní erékùṣù: Ẹni tí ìrìn náà máa le fún jù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò

Fún ẹ̀yin tí kò ráyè gbọ́ ohùn wa, ohun tí a sọ ni a kọ sílẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá ṣí Instagram báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i: omi aró, yanrìn funfun, igi àgbọn, àti ẹnì kan tó wọ jígí dúdú, tó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ pé Zanzibar ni òun wà. Ohun tó máa sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni pé, àwa náà ńkọ́? Èmi, Màmá, Bàbá, àwọn àbúrò, ìyá àgbà, ká jọ lọ jókòó sí etí òkun fún ọjọ́ mélòó kan, ká jẹun, ká rẹ́rìn-ín, ká má gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀.

Èrò tó dáa ni. Ẹbí tó ń ṣiṣẹ́ yẹ kó sinmi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ irú ètò yìí kì í kọjá orí WhatsApp. Wọ́n á dá group sílẹ̀, kálukú á máa ju fọ́tò síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ibẹ̀ á di ibi tí wọ́n ti ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí. Ohun tó ń fà á ni pé orí fọ́tò la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ ẹni tí ìrìn náà máa le fún jù nínú ẹbí. Tí ètò bá gba ẹni yẹn, á gba gbogbo yín. Tí kò bá gbà á, owó á lọ, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ ka àwọn èèyàn yín ná

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ, torí pé àwa náà ń ṣètò lọ́wọ́. Mọ́níyà là ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Àwa mẹ́jọ la fẹ́ lọ: Bàbá, Màmá, èmi, àbúrò mi ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ méjì, àti ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá wa, tí wọ́n ń gbé ní Lálúpọn, ní Lagelu.

Ìyá àgbà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kékeré jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Bàbá ní oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, àwọn oṣù kan sì wà tí ẹ kò lè fi mọ́tò fà wọ́n kúrò níbẹ̀. Nínú àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sí ẹni tó mọ omi wẹ̀.

Ìyá àgbà ló sì fẹ́ ìrìn àjò yìí jù wá lọ. Omi tó tóbi jù tí wọ́n tíì rí láyé wọn ni ti dáàmù Aséjìrẹ, nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò kọjá níbẹ̀ lọ sí Ifẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí òkun. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ni àádọ́rin ọdún kò ní kẹ́ ẹ dá a dúró títí di ọdún márùn-ún sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo hòtẹ́ẹ̀lì kankan, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: Wákàtí mélòó ló lè fi jókòó nínú ọkọ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́? Oògùn wo ló ń lò? Oṣù wo ni kò lè kúrò nílé? Kí ló ń bẹ̀rù? Ẹ bi àwọn àgbà fúnra wọn, ẹ má ṣe dáhùn fún wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Erékùṣù wo?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà. Zanzibar wà lábẹ́ Tanzania, ní òdìkejì Áfíríkà. Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù, olúkúlùkù, àti ọmọ ọdún mẹ́ta náà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, pásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún ti di ₦100,000 ní Nàìjíríà. Èèyàn mẹ́jọ, ₦800,000 nìyẹn, ẹ kò sì tíì kúrò ní Mọ́níyà. Ẹ ó gba káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ ó wo ohun tí òfin físà sọ lásìkò tí ẹ fẹ́ lọ. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Zanzibar tún ti ní kí àlejò ra ìdójútòfò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tiwọn, dọ́là 44 lórí àgbàlagbà kan. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni owó bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, bàálù yẹn á sì kọ́kọ́ gbé yín lọ sí ìlú bíi Addis Ababa tàbí Nairobi kẹ́ ẹ tó wọ òmíràn.

Cape Verde sún mọ́ wa díẹ̀. Erékùṣù mẹ́wàá ni orílẹ̀-èdè náà, inú ECOWAS ló sì wà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ ibẹ̀ láìgba físà, kó sì lò tó àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìyẹn yọ wàhálà físà kúrò. Kò yọ pásípọ́ọ̀tù àti owó bàálù kúrò.

Àwọn méjèèjì dára fún tọkọtaya, tàbí fún ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ti fowó pamọ́ fún ọdún méjì. Fún ìyá tí orúnkún ń dùn, tí kò wọ bàálù rí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ní tòsí, ibi méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni Tarkwa Bay, lẹ́nu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Kì í ṣe erékùṣù gan-an, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀ débẹ̀. Òkúta ńlá tí wọ́n tò sínú omi lẹ́nu èbúté ló ń dá ìgbì dúró, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi rọ̀ ju ti àwọn etí òkun Èkó yòókù lọ. Ibi tó bá àwọn ọmọdé lára mu ni.

Èkejì ni Gberefu, ní Badagry, ìyẹn Àgbádárìgì. Ọ̀sà wà lápá kan, Òkun Àtìláńtíìkì wà lápá kejì, ilẹ̀ yanrìn àti igi àgbọn wà láàárín. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi la ọ̀sà kọjá, kò sì jìnnà rárá, ẹ ó wá rìn lórí yanrìn títí ẹ ó fi yọ sí òkun. Ibẹ̀ ni ilé wa mú. Kò gba pásípọ́ọ̀tù, kò gba bàálù, ìyá àgbà á sì rí òkun náà ní gbangba, láìsí ilé kankan tó dí wọn lójú.

Ìgbà wo?

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì á wo àkókò tí wọ́n fún un ní ìsinmi. Ilé tí àgbẹ̀ wà gbọ́dọ̀ wo ojú ọ̀run pẹ̀lú. Ní agbègbè wa, òjò àkọ́rọ̀ ti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ni wọ́n fi ń gbin àgbàdo. Ẹni tó bá mú àgbẹ̀ lọ sí etí òkun lásìkò yẹn ti mú un lọ sẹ́wọ̀n, torí pé ọkàn rẹ̀ kò ní kúrò lóko. Bí ẹ bá ní kòkó, láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù.

Ilé ẹ̀kọ́ máa ń gba ìsinmi gígùn ní nǹkan bí ìparí oṣù Keje sí àárín oṣù Kẹsàn-án. Òjò máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, èyí sì máa ń tan èèyàn jẹ. Òkun kì í dákẹ́ bíi ti òjò. Ìgbì máa ń ga ní etíkun wa ní àárín ọdún. Oṣù Kejìlá ní tirẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló wà lójú ọ̀nà, gbogbo nǹkan ló sì gbówó lórí.

Ibi tí àwa fẹnu kò sí ni ìparí oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Òjò kò sí, èrò ọdún ti lọ, Bàbá kò tíì gbin nǹkan. Àwọn ọmọ máa pàdánù ọjọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ Jímọ̀, nítorí pé Jímọ̀ sí ọjọ́ Àìkú la máa lò. Ẹ̀gbọ́n mi á lọ bá tíṣà wọn sọ ọ́ ṣáájú.

Ọ̀nà

Oore kan tí Ọlọ́run ṣe fún àwa ará Akínyẹlé ni pé ilé wa ni rélùwéè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà reluwéè tuntun tó ti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ibùdókọ̀ Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, Mọ́níyà ló wà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Akànràn á kọ́kọ́ wọ mọ́tò wá sí Mọ́níyà. Bí àgbà bá wà nínú yín, ẹ jẹ́ kó wá sùn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó má baà jí láago mẹ́rin òru.

Reluwéè yẹn gba Abẹ́òkúta kọjá, á sì já yín sí ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Alágòmejì, ní Èkó. Ó máa ń tó wákàtí méjì àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, èèyàn sì lè dìde na orúnkún. Fún ìyá àgbà, ìyẹn nìkan ti ju bọ́ọ̀sì orí ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń yí àkókò àti owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, nítorí náà ẹ wò ó lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì ra ti ìpadàbọ̀ pọ̀ mọ́ ti àlọ.

Láti Alágòmejì, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan tó máa gbé gbogbo yín tààrà lọ sí Àgbádárìgì. Tàbí kí ẹ wọ mọ́tò dé ibùdókọ̀ National Theatre, ní Ìgànmú, kẹ́ ẹ wọ reluwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kẹ́ ẹ sọ̀ ní Mile 2, kẹ́ ẹ wá wọ mọ́tò Àgbádárìgì níbẹ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ Blue Line, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Ọ̀nà kejì yìí kò wọ́n, ó sì máa dùn mọ́ àwọn ọmọ. Àmọ́ ẹ ka iye ìgbà tí ìyá àgbà máa gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n á sọ̀, tí wọ́n á tún gùn. Tìtorí orúnkún wọn, bọ́ọ̀sì háyà làwa mú. Ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ nìyẹn: bébà yẹn ló ń yan ọ̀nà fún wa.

Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì lè fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Àwọn ibi kan bàjẹ́, àwọn agbófinró sì pọ̀ lójú ọ̀nà nítorí pé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wà níwájú. Kí olúkúlùkù mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ dé, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn nínú ìlú. Ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí erékùṣù ní àárọ̀. Ọjọ́ kẹta, ẹ padà.

Omi

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fetí sí mi dáadáa. Ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ omi wẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa, ká má tan ara wa.

Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, life jacket, kì í ṣe ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ gbé. Kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ so okùn rẹ̀ pa kí ọkọ̀ tó gbéra. Èyí tí wọ́n ní létí omi lè jẹ́ ti àgbàlagbà nìkan. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá wọ ti àgbàlagbà, á yọ bọ́ láti inú rẹ̀ bí ó bá ṣubú sómi. Nítorí náà, ẹ ra ti ọmọdé, tàbí kẹ́ ẹ yá a, kẹ́ ẹ gbé e láti ilé lọ. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà ní pálọ̀, ẹ di èjìká rẹ̀ mú, ẹ gbé e sókè. Tó bá yọ kọjá etí rẹ̀, ó tóbi jù.

Ẹ ka iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe tijú. Ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi lálẹ́. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi, kò fọwọ́ sí ìrìn òru. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, ẹ dúró.

Ní etí òkun Gberefu fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe wẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ lágbára, omi tó ń padà sẹ́yìn sì máa ń fa ẹsẹ̀ èèyàn, àní ẹni tó mọ omi wẹ̀. Ẹ yan àgbàlagbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo àwọn ọmọ lọ. Kí onítọ̀hún má di fóònù mú. Kó ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbẹ́ yanrìn, kí wọ́n ṣa ìkarawun.

Owó

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni àjọ tí àwọn òbí wa ti ń dá tipẹ́. Ká ní èèyàn márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹbí. Bí kálukú bá ń dá ₦10,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, ₦300,000 nìyẹn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e kó dá ohun tó bá lè dá, kí ẹlòmíràn fi kún un, kí ẹ sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé kí àjọ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọn kò sọ ló ń di ìjà.

Ẹ pín owó náà sí mẹ́rin. Ìdá kan fún ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Ìdá kan fún ibi tí ẹ máa sùn. Ìdá kan fún oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi àti ẹni tó máa mú yín yí ká. Ìdá kẹrin, ₦75,000 nínú àpẹẹrẹ yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti àìsàn, ti ọkọ̀ tó bàjẹ́, ti reluwéè tí kò gbéra nìyẹn. Bí iye tí ìdá kan bá tó bá kéré sí ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ béèrè owó, ẹ fi oṣù méjì kún àjọ. Ẹ má ya owó tìtorí fàájì.

Ẹ di owó fún ọkọ̀ ojú omi dání ní kéékèèké, torí POS kì í sí níbi gbogbo. Oògùn ìyá àgbà, ẹ dì í sínú báàgì ọwọ́, kí ẹ sì mú ti ọjọ́ méjì lé sí i.

Ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn ọmọ

Orúkọ mìíràn wà tí wọ́n ń pe ibi tí ẹ máa yọ sí létí òkun Gberefu: Point of No Return, ibi àlọ-àìbọ̀. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n máa ń kó àwọn èèyàn wá láti ọjà ẹrú Vlekete nínú ìlú, wọ́n á kó wọn la ọ̀sà kọjá, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rìn lórí yanrìn yẹn lọ bá ọkọ̀ òyìnbó. Ìtàn ìlú náà sọ pé kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń fún wọn lómi mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé irú ibẹ̀ yẹn lèèyàn ń lọ ṣe fàájì? Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹbí jọ lọ. Àwọn ogun tó tú ilẹ̀ Yorùbá ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbèríko bíi tiwa lọ sí etí òkun. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́dún 1821. Èkó ni wọ́n ti fi í sínú ọkọ̀ lọ́dún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Àgbádárìgì ló gbà padà wọlé lọ́dún 1845, ọdún kan náà tí wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà parí síbẹ̀. Ilé yẹn ṣì wà, ẹ lè mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Nígbà tó di 1846, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò rí ìyá wọn mọ́.

Nítorí náà, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ìtàn ìlú mú yín yí ká ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá bó ṣe rí. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ó tó kẹ́ ẹ sọ pé wọ́n mú àwọn èèyàn kúrò nílé níbí, inú wọn kò sì dùn. Ẹ má jó TikTok lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìrántí yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbọn, ẹ jẹ ẹja, ẹ mu omi àgbọn, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ bi wọ́n bí Sàngbétò bá máa jáde, ìyẹn eégún àwọn Ogu tó ń ṣọ́ ìlú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ayọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin lọ síbẹ̀ lẹ́ni mẹ́jọ, ẹ sì máa padà ní ẹni mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá kò ní irú àǹfààní yẹn.

Iṣẹ́ tí mo fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí yín lórí fóònù, ẹ bi í pé ibo ló wù wọ́n láti rí. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà yẹn. Ẹ fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí wa, a máa kà á lórí ètò tó ń bọ̀. Títí di ìgbà yẹn, ẹ máa rọra o. Ó dìgbóṣe.